Abiyamọ Nínú Igi, Abiyamọ Nínú Àdúrà: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Láti Èkó Dé Ìlá-Ọ̀ràngún

Ọjọ́ Ajé, Èkó

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ Kátólíìkì wa ti ń dáwó láti èṣí kí a lè gbé ère Màríà tuntun sí iwájú gbọ̀ngàn ìjọ, nítorí pé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n kó wá láti òkè òkun, ti kán lọ́wọ́, imú rẹ̀ sì ti ré. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí irú ère tí a óò gbà, ohùn wa kò ṣọ̀kan. Àwọn kan fẹ́ irú èyí tó bàjẹ́ náà gan-an, ọ̀dọ́mọbìnrin funfun tó da aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run borí, tó ń wolẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí a lọ bá agbẹ́gilére ilẹ̀ wa. Èmi wà lára àwọn tó ní kí a kọ́kọ́ lọ wo bí àwọn baba wa ṣe ń gbẹ́ ìyá kí a tó na owó ẹgbẹ́, ni wọ́n bá yàn mí láti lọ. Àbúrò mi obìnrin ní òun yóò bá mi rìn. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, Ọlọ́run kò sì tíì fún un lọ́mọ. Kí a tó gbéra ló sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ère tí ẹ bá gbà wá, iwájú ẹ̀ lèmi náà á ti máa gbàdúrà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ wo ojú tó máa máa wò mí."

A bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, ní ilé ìjọsìn Pọ́ọ̀lù Mímọ́, nítorí Ibùdó Mẹ́rìnlá Ọ̀nà Àgbélébùú tí Bruce Onobrakpeya yà fún ìjọ náà láàárín ọdún 1967 sí 1969. Ọmọ Urhobo ni, Agbarha-Otor ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1932, ó sì gbé ìjìyà Jésù kalẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn tí ìrísí àti ìmúra wọn jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Ní ibùdó kẹrin ni Jésù ti pàdé ìyá rẹ̀, ní ìkẹfà ni Veronica ti nu ojú rẹ̀, ní ìkẹjọ ni ó ti bá àwọn obìnrin Jerúsálẹ́mù tó ń sunkún sọ̀rọ̀. Ibi ìkẹjọ yìí ni ẹsẹ̀ àbúrò mi dúró sí. Gbogbo wa la mọ ìdajì ọ̀rọ̀ tí Jésù bá wọn sọ, pé kí wọ́n má ṣe sunkún nítorí òun, bí kò ṣe nítorí ara wọn àti àwọn ọmọ wọn. Ìdajì kejì, tó wà nínú Lúùkù orí 23, ẹsẹ 29, kì í sábà dé etí ìjọ: pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò máa pe àgàn ní alábùkún, àti inú tí kò bímọ rí, àti ọmú tí ọmọ kò mu rí. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ nípa ìparun ìlú ni, mo mọ̀, kì í ṣe ìtùnú. Àmọ́ mo kíyè sí i pé láàárín àwọn obìnrin tó tẹ̀ lé e dé orí òkè yẹn, kò sí ibi tí a ti pín wọn sí ọlọ́mọ àti àìlọ́mọ.

Lẹ́yìn ọ̀sán a kọjá sí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Oníkan, a sì wo ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá. Ọkùnrin ló ń gbẹ́ ère náà, ọkùnrin ló ń gbé e sórí, ọkùnrin ló ń de ọmú igi mọ́ àyà, tó ń fi aṣọ sọ ìdí di ńlá, tó sì ń jó ijó obìnrin lójú agbo. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán. Ìyá Ńlá ni wọ́n ń fi tù, àti gbogbo àwọn ìyá tí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn, obìnrin tí a ń pè ní Ìyálàṣẹ ló sì wà lórí ẹgbẹ́ náà. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ pé ogún gbogbo aráyé ni, ní orúkọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbọ́ ni pé àwọn ìyá tí wọ́n ń fi ijó yìí júbà fún jù lọ kì í ṣe ọ̀dọ́ abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú. Àwọn àgbà obìnrin ni, tí nǹkan oṣù ti dá lára wọn. Ẹni tó ń júbà wọn kì í kọ́kọ́ ka ọmọ wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ilé-Ifẹ̀

Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ gba àárọ̀ wa. Ilẹ̀ ti ń lọ kí a tó dé Ifẹ̀, nítorí náà ojúbọ Òrìṣà Ìkirè nìkan la rí wò.

Inú mi dùn pé òun náà ni. Ọwọ́ obìnrin ló kun ògiri yìí. Nígbà tí ọdún òrìṣà bá ń súnmọ́, àwọn obìnrin a tún ògiri náà ṣe, wọn a sì fi funfun, pupa àti dúdú ya àwòrán tuntun lé orí ti èṣí. Bó ṣe rí báyìí, kò ní rí bẹ́ẹ̀ lámọ́dún. Ní apá ibi tí wọ́n gbà wá láàyè láti wò, ìlà àti oríṣiríṣi àmì ló pọ̀ jù, èmi kò sì rí obìnrin tó pọnmọ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, obìnrin tó kúnlẹ̀ tàbí tó pọnmọ kò ṣọ̀wọ́n nínú àwọn ère igi tí mo ti rí ní ojúbọ Ṣàngó tàbí ti Ifá. Ó mú mi ronú. Iṣẹ́ igi, iṣẹ́ ọkùnrin ni láyé àtijọ́, igi ni àwọn òyìnbó lè gbé lọ, igi náà sì ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lè kó pamọ́. Ìdí nìyí tí ohun tí gbogbo ayé mọ̀ sí àwòrán ìyá Yorùbá fi jẹ́ ìyá bí ọkùnrin ṣe rí i. Ohun tí obìnrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà fún òrìṣà wà lára ògiri tí òjò ń pa, tí àwọn obìnrin mìíràn yóò sì tún kùn. N kò sọ pé àwọn agbẹ́gilére parọ́ mọ́ wa. Mo kàn ń sọ pé ojú ẹnì kan ni wọ́n fi wò, kí a sì rántí bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ń wo iṣẹ́ wọn.

Ọjọ́rú, Òṣogbo

Igbó Ọ̀ṣun gba gbogbo ọjọ́ wa. Ó tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Púpọ̀ nínú àwọn ère ńláńlá tó wà níbẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́: Adébísí Àkànjí tó ń fi símẹ́ńtì ṣe ọnà, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́ṣí tó ń gbẹ́ òkúta, Kásálì Àkàngbé tó ń gbẹ́ igi, àti àwọn mìíràn. Mo fẹ́ràn bí ère Ìyá Mọ̀pó ṣe tóbi tó. Òun ni òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ìkòkò mímọ, aṣọ rírẹ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ka ọmọ bíbí mọ́ àwọn iṣẹ́ náà. Ọmọ bíbí wà láàárín iṣẹ́ mìíràn, kò dá dúró, kò sì bo àwọn tó kù mọ́lẹ̀. Bí a bá fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo obìnrin nínú ìjọ wa, ọ̀pọ̀ ìwàásù Ọjọ́ Àwọn Ìyá ni ìbá yí padà.

Àmọ́ n kò ní ṣe bí ẹni pé gbogbo ohun tó wà nínú igbó yìí ló rọrùn fún obìnrin. Lẹ́bàá odò ni ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú ibẹ̀ ti tún ìtàn inú Ọ̀ṣẹ́tùá, odù Ifá kan, sọ fún wa. Nígbà tí àwọn òrìṣà rọ̀ wá sílé ayé, àwọn mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin, Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin láàárín wọn, wọn kò sì pè é sí ìpàdé kankan. Òjò kọ̀, àgàn kò tọwọ́ àlà bosùn, gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ń bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n gòkè lọ bá Olódùmarè, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wọ́n: Ọ̀ṣun ńkọ́? Wọ́n padà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní oyún wà nínú òun, bó bá jẹ́ ọkùnrin ni òun bí, òun yóò rán an bá wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń pàdé. Bó bá jẹ́ obìnrin, kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀ pé ayé kò ní gún. Ọkùnrin ni, Ọ̀ṣẹ́tùá náà sì nìyẹn.

Mo ti gbọ́ ìtàn yìí láti kékeré, a sì máa ń fi yangàn pé kò sí ohun tí ọkùnrin lè dá ṣe yọrí láìsí obìnrin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n parí ìjà sí ń dùn mí. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni Ọ̀ṣun, ẹni tó sì wọ inú ìpàdé nígbẹ̀yìn ni ọmọkùnrin rẹ̀. Ipò ìyá ló gba ilẹ̀kùn fún un, kì í ṣe ipò ara rẹ̀. Mo sọ èyí fún àbúrò mi, ó sì dá mi lóhùn pé, "Kò burú, ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ ẹ rántí pé òjò ti kọ̀ kí oyún yẹn tó dé. Agbára ẹ̀ ti wà kó tó bímọ." N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí a wà létí odò, àwọn obìnrin ń bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì àti ike omi, àwọn kan fi bọ́jú, àwọn kan ń kì í: "Ọ̀ṣun, a-fi-idẹ-rẹ-ọmọ, oore yèyé o!" Ohun tí mo rí ni pé ipò obìnrin mẹ́ta ló pàdé ní ibi kan náà. Arugbá tó ń ru igbá ní ọjọ́ ọdún, ní oṣù Ògún, tí a ń pè ní August nínú kàlẹ́ńdà òde òní, gbọ́dọ̀ jẹ́ wúńdíá. Ẹni tó ń wá ọmọ ń mu omi. Ẹni tó ti rí ọmọ padà wá dúpẹ́. Nínú ìgbàgbọ́ tèmi, ara obìnrin kan ṣoṣo, Màríà, ni wọ́n kó wúńdíá àti ìyá pọ̀ sí, kò sì sí obìnrin mìíràn tó lè dé ibẹ̀. Létí odò yìí, wọ́n pín in láàárín àwọn obìnrin, oníkálukú sì ní àyè tirẹ̀, títí kan ẹni tó ń wá ọmọ.

Ọjọ́bọ̀, Òṣogbo

Òjò rọ̀ títí di ọ̀sán. A dé ilé Àdùnní Olórìṣà ní òpópónà Ìbòkun, ilé alájà tí ère kún ara rẹ̀ láti ìta. Ọdún 1915 ni wọ́n bí i ní Graz, ó sì kú ní Òṣogbo ní ọdún 2009. Kò bímọ nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀pọ̀ ọmọ tọ́ nílé yìí, lára wọn ni Ṣàngódáre Àjàlá, tó di oníṣẹ́ ọnà aṣọ, àti Adédoyin Fáníyì, tó di olórìṣà. Àwọn tó gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń pè é ní Màmá, kò sì sí ẹni tó béèrè ìwé. Àbúrò mi jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn fún ìgbà pípẹ́, n kò sì dá a láàmú.

Ọjọ́ Ẹtì, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

A gba Iléṣà wọ Èkìtì. Ọ̀yẹ́ ni mo ti fẹ́ dé láti ọdún pípẹ́, nítorí ibẹ̀ ni àwọn àlùfáà SMA, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Kátólíìkì, ti dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní ọdún 1947, lábẹ́ àbójútó Fadá Kevin Carroll pẹ̀lú Fadá Sean O'Mahony. Ibi iṣẹ́ náà wà títí di ọdún 1954. Carroll kò kó àwọn ènìyàn lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ère òyìnbó. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà láti ilé ló pè, pàápàá Bándélé, ọmọ Arówóògùn ará Òsì-Ìlọrin tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri Èkìtì. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti wá kọ́ṣẹ́. Mùsùlùmí ni Làmídì, ó gbẹ́ ère fún ìjọ Kátólíìkì, ó sì kú ní Mùsùlùmí ní ọdún 2009. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn, wọ́n gbẹ́ ìtàn ìbí Jésù, nínú èyí tí àwọn amòye ti wá ní ìrísí ọba Yorùbá, wọ́n sì gbẹ́ Màríà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Ohun tí mo wá wò nìyẹn, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Màríà tó bàjẹ́ nílé ìjọ wa jẹ́ ọmọdébìnrin. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ wolẹ̀, kò jọ ẹni tó ti gbé ohunkóhun tó wúwo rí. Ẹwà tí ère náà ń kọ́ni ni pé kí obìnrin jẹ́ ọ̀dọ́, kó dákẹ́, kó má mọ nǹkan kan. Màríà tí àṣà Òsì bí yàtọ̀. Orí rẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ là kedere, ọrùn rẹ̀ dúró, ìbàdí rẹ̀ fìdí múlẹ̀ lórí ilẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Obìnrin tó ti di odindi ni, ẹni tí a lè gbé ẹjọ́ lọ bá. Bí àwọn baba wa bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ìyá nínú igi, ipò àgbà ni wọ́n máa ń gbé e sí. Ìwàásù òde òní ló dín ipò yẹn kù di ọmọ bíbí nìkan, tí a fi ń sọ fún obìnrin pé ìgbà tó bá gbé ọmọ pọ̀n ló tó pé.

Ẹ̀tọ́ ni kí n sọ apá kejì pẹ̀lú. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n mú wa dé ilé kan tí wọ́n kó ère Ẹ̀pa, èyí tí wọ́n ń gbé sórí jó lọ́jọ́ ọdún, pamọ́ sí. Èkìtì àti agbègbè tó bá a pààlà ni Ẹ̀pa ti gbilẹ̀. Ìsàlẹ̀ ère náà ní ojú ńlá tí wọ́n gbẹ́ bí ìkòkò, tí ẹni tó gbé e máa ń ki orí bọ̀. Òkè rẹ̀ ni agbẹ́gilére ti ń fi ọgbọ́n hàn. Ọkùnrin lágbára kó tó gbé e, nítorí ó gbọ́dọ̀ fò gun òkìtì pẹ̀lú rẹ̀ láìṣubú. Méjì ni wọ́n fi hàn wá. Ọ̀kan jẹ́ Jagunjagun lórí ẹṣin, pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Èkejì jẹ́ Ọlọ́mọyọyọ, ìyá tí ọmọ yí ká níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irú rẹ̀ wà lára àwọn iṣẹ́ tí a fi mọ Bámgbóyè ará Odò-Ọwá. Ọkùnrin lórí ẹṣin, obìnrin láàárín ọmọ: ohun tí ìlú ń retí lọ́wọ́ oníkálukú wà níbẹ̀ ní gbangba. Mo wá ọkùnrin tó gbé ọmọ dání títí, n kò rí i. Baba onílé ní òun náà kò rí irú rẹ̀ rí, ó sì béèrè ìdí tí mo fi ń wá a. Mo sọ fún un pé nítorí pé ọkọ mi gbé ọmọ wa pọ̀n nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, àwọn aládùúgbò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹni tó bá máa gbẹ́ ẹ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé ó lẹ́wà." Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìlá-Ọ̀ràngún

Ìlá ni ìlú àwọn Fákẹ́yẹ, iṣẹ́ igi kò sì tíì parẹ́ níbẹ̀. Agbẹ́gilére tí a lọ bá jẹ́ àgbàlagbà, mo sì ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù tẹ́lẹ̀. Ó fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣàlàyé fún wa. Ọ̀nà lílé ni àkọ́kọ́, nígbà tí àáké bá pín igi sí orí, ara àti ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni alétúnlé, tí ojú, ọmú àti apá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Dídán tẹ̀ lé e. Fínfín ló kẹ́yìn, tí ọ̀bẹ bá ń la irun àti ilà ojú.

Ère kan wà ní ìgun yàrá rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ gbẹ́. Ìyá tó kúnlẹ̀ ni, ó gbé àwo dání, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí n lè wò ó dáadáa. Irun rẹ̀ ni ṣùkú, ìlà irun kọ̀ọ̀kan ṣì hàn. Orúnkún rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ ènìyàn. Ọmọ náà yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ sí ìbàdí bí a ti ń rí i lára ọmọ tí a fi ọ̀já dè. Ìyá náà kò bojú wẹ̀yìn wò ó. Iwájú ló ń wò, ohun tó gbé dání ló gba ojú rẹ̀. Bàbá ní ìkúnlẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ẹrú. Bí obìnrin ṣe ń kúnlẹ̀ rọbí náà ló ṣe ń kúnlẹ̀ níwájú Ẹlẹ́dàá, kò sì sí ọkùnrin tó lè kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi bi í léèrè pé, "Bàbá, ẹni tí kò bá tíì rọbí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ìkúnlẹ̀ tiẹ̀ nìyẹn?" Bàbá kò yára dáhùn. Ó dìde, ó mú ère ìbejì kan wá láti orí pẹpẹ, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ní ọmọ tí wọ́n torí rẹ̀ gbẹ́ ère náà kò pé ọdún kan tó fi kú, síbẹ̀ ẹ wò ó, ó lọ́mú, ó ní irun dídì, ó lọ́rùn àgbà. A kì í gbẹ́ ènìyàn bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe rí tàbí bí ohun tó ní ṣe pọ̀ tó, ó ní. Bí orí rẹ̀ ṣe pé la ń gbẹ́ ẹ.

Ìdáhùn yẹn la fi dunadura iṣẹ́ wa. A fẹnu kò pé kí Màríà kúnlẹ̀, kí ojú rẹ̀ jẹ́ ojú àgbà obìnrin, kí Jésù wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀já, kí wọ́n sì gbẹ́ obìnrin méjì sí ìsàlẹ̀ dípò áńgẹ́lì. Ọ̀kan yóò pọnmọ. Bàbá béèrè ohun tí èkejì yóò ṣe, ó ní òun lè fi ọmọ sí ọwọ́ rẹ̀. Àbúrò mi ló dá a lóhùn: "Ẹ má fi ọmọ sí i, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó ru igbá, kí ẹ sì jẹ́ kó ga bákan náà pẹ̀lú ẹnì kejì ẹ̀." Ó mú ẹfun, ó fi sàmì sí ara ìtì ìrókò tó wà lágbàlá, méjèèjì dọ́gba.

Èmi ni mo san àsansílẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ kò tíì fọwọ́ sí i. A óò ṣe ìpàdé ní Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò dìde pé obìnrin tí kò gbé ọmọ kò bá ère ẹgbẹ́ àwọn ìyá mu. Mo ti ní kí àbúrò mi wá jókòó tì mí lọ́jọ́ náà, mo sì ti sọ fún alága pé èmi ni n óò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.